Olùtọ́jú ilé ìkàwé ni mí: èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́ nínú àwọn irinṣẹ́ orí ayélujára wọ̀nyí?

Ìyá Ilé Ìkàwé, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń tọ́jú ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, rẹ́jísítà ńlá kan, àpótí onígi tí a ń to káàdì sí àti òǹtẹ̀ ilé ìwé ni gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, kò sì pẹ́ tí mo fi mọ tinú-tẹ̀yìn wọn. Títí di òní, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dárúkọ ìwé kan, mo lè júwe selífù tí ó wà fún un láìdìde lórí àga.

Ní sáà yìí, ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ní kí ilé ìkàwé bọ́ sórí ayélujára kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, wọ́n sì fi mí ránṣẹ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan tí wọ́n ṣe lórí Zoom. Inú mi dùn sí i, nítorí ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni ó dà mí lọ́kàn rú. Orúkọ irinṣẹ́ mẹ́sàn-án ni mo kọ sínú ìwé mi ní ọjọ́ méjèèjì: Koha, LibraryThing, Google Classroom, Google Forms, Padlet, Canva, Kahoot, Internet Archive àti Kiwix. Bí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ti ṣí ọ̀kan, kí n tó rí ibi tí ó tẹ̀, ó ti pa á dé, ó ti wọ inú èyí tó kàn. Nígbà tí a parí, ìwé ẹ̀rí ni mo gbà, n kò sì lè fi ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ṣiṣẹ́.

Mo wá pinnu pé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ mi tó. Mo ń tẹ àwọn ìwé inú rẹ́jísítà sínú Excel lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí a ní, nígbàkígbà tí iná bá wà. Bí iná kò bá sí, mo máa ń tẹ díẹ̀ lórí fóònù mi nílé, màá sì kó o wá sí ilé ìwé. Ìwé tí mo ti tẹ̀ tó ẹgbẹ̀ta. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti JSS2 wá béèrè ìwé àlọ́ ìjàpá. Mo ní kó wá jókòó, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a. Ó tẹ "alo", kọ̀ǹpútà ní kò sí. Ó tẹ "alo ijapa", kò sí. Mo gba kíbọọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi àmì sí i bí ó ti yẹ, ẹyọ kan péré ni ó jáde nínú mẹ́ta tí mo mọ̀ dájú pé mo ti tẹ̀. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Mà, ó jọ pé wọ́n ti jí àwọn tó kù." Àwọn ìwé náà sì wà lórí selífù lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Mo nawọ́ mú wọn fún un, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé Koha tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ yìí, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tọ́jú àkójọ ìwé ilé ìkàwé, ni kí n ti ara bọ̀, àbí kí n máa bá Excel mi lọ? Kí ló dé tí ìwé Yorùbá ń sá pamọ́ fún kọ̀ǹpútà nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́? Ó sì tún ku ọ̀kan tó ń kọ mí lóminú: púpọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ náà ló ń béèrè orúkọ àti ímeèlì kí ènìyàn tó wọlé, àwọn mìíràn sì ń béèrè ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ṣé ó tọ́ kí n máa kó orúkọ ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀?

Ẹlẹgbẹ́ yín ní Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa, ẹ sì kú ìfaradà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo sunkún nínú ọkọ̀ nígbà tí mo ń darí bọ̀ láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nítorí mo rò pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kò bọ́ rárá.

Irinṣẹ́ orí ayélujára kò mọ ibi tí ó yẹ kí ìwé gbé, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1876 ni ìlànà Dewey tí a fi ń pín ìwé ti jáde, àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kan náà ni ẹ ó sì bá nínú Koha àti nínú LibraryThing, ojú òpó tí ènìyàn ti ń to àkójọ ìwé rẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, 496.333 ni, ìtàn àròsọ, eré oníṣe àti ewì Yorùbá, 896.333 ni, àlọ́ ìjàpá tí ọmọ yẹn wá béèrè, abẹ́ 398.2 ni ó máa ń wà pẹ̀lú àwọn ìtàn ìbílẹ̀ yòókù. Mo ti dé ilé ìkàwé kan rí tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú, tí kò sì mọ̀ nípa ìwé. Gbogbo ìwé Yorùbá tó wà níbẹ̀, àti gírámà, àti ewì, àti ìwé lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ni ó kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, "Yoruba". Ọmọ tó ń wá ewì ní láti tú gbogbo rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí àwa kọ́ ni ó ń mú kí kọ̀ǹpútà wúlò nínú ilé ìkàwé, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún mi pé ayé ti kọjá wa.

Nítorí náà, ẹ fi ìlà pa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn rẹ́ ná. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí ni àwọn ọmọ ń béèrè jù lójoojúmọ́. Ní ọ̀dọ̀ mi, "Mà, ṣé a ní ìwé báyìí-báyìí?" ni. Irinṣẹ́ tó bá dáhùn ìbéèrè yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, ìyẹn àkójọ ìwé tí ọmọ lè wò fúnra rẹ̀, ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Odindi ọdún kan ni mo fi ṣe èyí nìkan. Ní ọdún kejì ni mo kọ́ Google Forms, kí àwọn ọmọ lè máa kọ orúkọ ìwé tí wọ́n fẹ́ kí a rà. Canva ni mo kọ́ tẹ̀ lé e, kí n lè máa lẹ àwòrán ìwé tuntun mọ́ ẹnu ọ̀nà. Padlet, pátákó orí ayélujára, ni n kò tíì lò títí di òní, ilé ìkàwé wa kò sì dúró.

Bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má fo ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2007 ni ó ti di nọ́ńbà mẹ́tàlá. Mẹ́wàá ni àwọn ti ṣáájú ìgbà náà ní. Bí ẹ bá rí 978 lẹ́ẹ̀mejì léra wọn níwájú, 978 kejì ni ti Nàìjíríà, National Library of Nigeria ló sì ń pín in fún àwọn òǹtẹ̀wé. Bí mo bá tẹ ISBN ìwé tó wá láti òkè òkun sínú Open Library, àkójọ ìwé ọ̀fẹ́ kan lórí ayélujára, púpọ̀ nínú wọn máa ń gbé orúkọ ìwé, òǹkọ̀wé àti ọdún ìtẹ̀jáde jáde, èyí tó máa ń dín iṣẹ́ ìtẹ̀wé kù fún mi. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílé níbí ni n kì í sábà rí, pàápàá ti Yorùbá, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń tẹ ìwọ̀nyẹn. N kì í ráhùn nípa rẹ̀, nítorí bí àwa kò bá tẹ̀ ẹ́, n kò mọ ẹlòmíràn tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Òṣogbo

Ẹ kú àárọ̀, mà. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí, n kì í ṣe olùtọ́jú ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ní kí n gbé Koha kalẹ̀ ní ilé ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ilé ìkàwé ìlú kan ní agbègbè Horowhenua, ní New Zealand, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Koha fún, nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé èyí tí wọ́n ń lò kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ bí ọdún 2000 bá wọlé. Oṣù kìíní ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èdè Māori ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀bùn ni ó sì túmọ̀ sí, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní gba owó lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ewúrẹ́ ta ènìyàn lọ́rẹ, olúwa rẹ̀ ni yóò máa wá ewé tí ewúrẹ́ náà yóò jẹ. Koha ń fẹ́ kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ sáfà, ìyẹn èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù yóò máa gba ìsọfúnni lọ́dọ̀ rẹ̀, lórí Linux dípò Windows, ó ń fẹ́ iná tí kì í já lójijì, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣe ẹ̀dà àkójọ rẹ̀ sí ibòmíràn ní alaalẹ́. Ní ilé ìwé tí mò ń sọ yìí, iná já nígbà tí sáfà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bátìrì tó yẹ kó gbà á dúró sì ti kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a kò fi mọ ìwé tó wà lọ́wọ́ ta ni.

Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ má tíì dé ibẹ̀, mà. Ohun tí ẹ ń tẹ̀ sínú Excel kò ní ṣòfò. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ MarcEdit, tí ó lè yí àkójọ bẹ́ẹ̀ padà sí MARC 21, ìlànà tí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé fi ń to ọ̀rọ̀ nípa ìwé, èyí tí Koha ń gbà wọlé. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ìlà òòró (column) kọ̀ọ̀kan ní ohun kan ṣoṣo nínú: orúkọ ìwé lọ́tọ̀, òǹkọ̀wé lọ́tọ̀, ọdún lọ́tọ̀, nọ́ńbà Dewey lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ti ń kọ òǹkọ̀wé àti ọdún pọ̀ sójú kan, ẹ tètè yà wọ́n sọ́tọ̀ nísinsìnyí tí ó ṣì jẹ́ ẹgbẹ̀ta.

Ní ti àwọn ìwé Yorùbá tó ń sá pamọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀bi yín kọ́. Lójú wa, "ọ" jẹ́ lẹ́tà kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ lẹ́tà kan tí wọ́n ti ṣe àmì sí lábẹ́ láti ilẹ̀. Ó lè jẹ́ "o" lásán tí wọ́n wá fi àmì tò-ó (dot) sí lábẹ́ lẹ́yìn náà. Ó sì lè jẹ́ "o" tí ìlà kékeré olóròó wà lábẹ́ rẹ̀ dípò àmì tò-ó. Bí ohùn bá tún gun orí rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́tà bíi "ọ́" tàbí "ẹ̀" kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà gbogbo èdè mọ̀, a ní láti so ó pọ̀ ni, bí fóònù ṣe so ó sì lè yàtọ̀ sí bí kọ̀ǹpútà ilé ìwé ṣe so ó. Ojú ènìyàn kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. Nígbà tí ẹ sọ pé fóònù ni ẹ fi tẹ díẹ̀ nílé, mo ti mọ ibi tí àwọn ìwé méjì yòókù wọlé sí.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí yọ àmì kúrò lára orúkọ ìwé o. Orúkọ tí a kò fi àmì sí, ìdajì orúkọ ni. Ẹ fi ìlà òòró kejì kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ tún orúkọ ìwé náà kọ síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré láìsí àmì kankan, kí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti máa wá nǹkan. Lóòótọ́, ọmọ tó bá tẹ "oko" yóò rí ìwé lórí oko, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ papọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tó pé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò fi yan èyí tó fẹ́, ó sì sàn kó rí mẹ́rin kó yan ọ̀kan ju kó má rí nǹkan kan lọ. Láti òní lọ, kíbọọ̀dù kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò. Bí ó bá jẹ́ fóònù, Gboard ní kíbọọ̀dù Yorùbá tí kò gba owó.

Olùkọ́ Àgbà Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ìlọrin

Mo gba ohun tí àwọn méjèèjì wí, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a fi ìwé kíkà fún àwọn ọmọ sí ọdún kejì tàbí ìkẹta. Ọmọ kò wá sí ilé ìkàwé nítorí àkójọ. Kiwix, tó ń jẹ́ kí a ka Wikipedia àti irú rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, wà nínú mẹ́sàn-án tí ìyáàfin dárúkọ, òun nìkan ni n kò ní fi ìlà pa rẹ́ mọ́ àwọn yòókù. Ẹ ó fi dátà wà á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yálà nílé tàbí níbi tí Wi-Fi wà, lẹ́yìn náà kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Wikipedia èdè Yorùbá wà níbẹ̀, kò sì tóbi ju ohun tí fóònù lè gbà. Ẹ má gbìyànjú láti wa odindi ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, ó ju 100GB lọ. Fún àwọn JSS1 tí ìwé kíkà Yorùbá ṣì ń nira fún, ìtàn kéékèèké tó ní àwòrán wà lórí African Storybook, tí wọ́n ń ṣe ní Gúúsù Áfíríkà, àti lórí StoryWeaver ti àwọn ará Íńdíà. Àwọn tó ṣe wọ́n fúnra wọn ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ pé kí a tẹ̀ wọ́n jáde, kí a sì pín wọn.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, nítorí mo ń rí i lójoojúmọ́ lórí WhatsApp: àwọn olùkọ́ ń pín PDF ìwé tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣì ń tà lọ́jà. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, Copyright Act 2022, kò fàyè gba irú rẹ̀. Olùtọ́jú ilé ìkàwé ni ó yẹ kó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí òun ni ó mọ iyì ìwé jù.

Ní ti orúkọ àwọn ọmọ, ìfòyà ìyáàfin tọ̀nà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹnu àtẹ́ lù ú. Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ẹni láti 2023, ó sì béèrè pé kí a gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó kó ọ̀rọ̀ nípa ọmọdé jọ, àyàfi níbi díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a nílò orúkọ wọn. Lórí Kahoot, ibi tí àwọn ọmọ ti ń dáhùn ìbéèrè bí eré, ọmọ lè fi ìnagijẹ wọlé láìní àkáǹtì. Google Forms kò ní gba ímeèlì bí ẹ kò bá ní kó gbà á. Kíláàsì àti nọ́ńbà inú rẹ́jísítà kíláàsì ti tó. Àkójọ orúkọ àwọn tó yá ìwé kò sì gbọdọ̀ wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú àkójọ ìwé. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá fẹ́ kí ìwé wà lórí ayélujára, ẹ gbé àkójọ ìwé nìkan sórí Google Drive, kí ẹ sì ṣètò líǹkì rẹ̀ kí ó jẹ́ wíwò nìkan, kí ẹnikẹ́ni má lè yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀.

Ìyá Ilé Ìkàwé, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ó sì yẹ kí n jábọ̀ fún yín.

Àbúrò mi ní Òṣogbo, òótọ́ ni ẹ sọ. Mo rí oríṣi "ọ" mẹ́ta nínú fáìlì mi. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú ibi tí a ti ń wá nǹkan tí a sì ti ń pààrọ̀ rẹ̀ (Find and Replace), mo sì sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà mí pẹ̀lú "ẹ" àti "ṣ". Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ìlà òòró kejì tí kò ní àmì. Mo yọ ọdún kúrò lára òǹkọ̀wé bí ẹ ti wí, mo sì ń ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí flash ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ọmọ JSS2 yẹn padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. N kò pè é, òun fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ "ijapa", mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó fi ìka tọ 398.2 lójú kọ̀ǹpútà, ó dìde, ó sì ń ka nọ́ńbà ara selífù lọ títí ó fi dúró síwájú wọn. Èmi wà lórí àga mi, n kò sọ ohunkóhun. Ọ̀gá ilé ìwé ti ṣí líǹkì náà lórí fóònù wọn, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́.

Bàbá, mo ti gba ìmọ̀ràn yín lórí Kiwix. Ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà, àwọn ọmọ sì ń tò láti lò ó ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Padlet àti Kahoot ni n kò tíì fọwọ́ kàn.

Ẹgbẹ̀rin ìwé ni mo ti tẹ̀ báyìí. Ibi tí mo dúró sí ni àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ kan tí kò ní ISBN, tí kò sì ní ọdún ìtẹ̀jáde lójú ewé kankan. Kí ni ẹ̀yin máa ń kọ síbẹ̀?

Ẹlẹgbẹ́ yín ní Abẹ́òkúta

Ẹ fi ti ISBN sílẹ̀ lófìfo, mà. Ọdún 1970 ni ISBN di ìlànà àgbáyé, ìwé tó ti wà ṣáájú rẹ̀ kò lè ní in. Ní ti ọdún, ẹ kọ́kọ́ wo ìparí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, nítorí àwọn òǹkọ̀wé wa àtijọ́ máa ń kọ ọjọ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wo ọjọ́ tí ìwé náà wọ rẹ́jísítà yín; ó dájú pé wọn kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Èyí tí ẹ bá fojú dá, inú àmì akámọ́ onígun ni kí ẹ kọ ọ́ sí pẹ̀lú àmì ìbéèrè, báyìí: [1965?]. Ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ fojú dá a.